Ọmọ Ọ̀gá àti Ọmọ Iṣẹ́



Nígbà tí a kò tíì mọ̀wé, bí sinimá bá ti parí, ńṣe ni a máa ń dìde, tí a ó gbọn aṣọ wa, tí a ó lọ sùn. Nísinsìnyí, ẹ má tètè dìde mọ́. Ẹ dúró kí ẹ ka orúkọ tí ó ń kọjá ní ìgbẹ̀yìn. Nígbà mìíràn ẹ ó rí i pé orúkọ ìdílé kan náà ni ó ń jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bàbá ni ó ni eré. Ìyàwó ni ó ṣe olorì. Ọmọ ni ó ṣe ọmọ ọba. Àbúrò ni ó tọ́jú aṣọ.

Ẹnìkan á wáá béèrè pé, "Àbí kò sí ẹlòmíràn nílùú ni?" Ìbéèrè náà dára. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

ILÉ NI IṢẸ́ TI Ń BẸ̀RẸ̀

Kò sí ẹni tí í bínú pé ọmọ àyàn ń lu ìlù. Ẹ wo àwọn àyàn Erin-Ọ̀ṣun tí wọ́n múlé tì wá. Láti kékeré ni ọmọ wọn ti ń gbọ́ dùndún. Bí ó bá ti lè gbé gángan, ó ti ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ ròde. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ àti iṣẹ́ aró.

Eré ìtàgé náà bá ọ̀nà yìí wá. Òṣogbo kò jìnnà sí wa, ibẹ̀ sì ni Dúró Ládípọ̀, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Oyin Adéjọbí ti ṣe iṣẹ́ wọn. Ní ọdún 1962 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo. Ní ọdún 1964 Dúró Ládípọ̀ gbé eré Ọba Kò So lọ sí Berlin ní Jámánì. Abíọ́dún, ìyàwó rẹ̀, ni ó ṣe Ọya nínú eré náà. Ìyàwó ọ̀gá ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó rí i sọ pé Ọya gan-an ni àwọn rí.

ÌDÍ TÍ Ọ̀GÁ FI Ń LO ARÁ ILÉ

Ìdí kìíní ni pé ènìyàn ṣọ̀wọ́n. Nígbà náà, alágbe ni wọ́n ń pe eléré. Òbí kì í fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn bá wọn lọ. Bí ọmọbìnrin kan bá sì kọ́ eré tán, tí ó lọ sílé ọkọ, ọkọ lè ní kò gbọdọ̀ ṣe é mọ́. Hubert Ògúńdé, ọmọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, dá ẹgbẹ́ eléré tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1945. Ó fẹ́ púpọ̀ nínú àwọn obìnrin tí ń bá a ṣeré. Àwọn ìyàwó wọ̀nyí àti àwọn ọmọ wọn ni wọ́n di òpó ẹgbẹ́ náà.

Ìdí kejì ni owó. Ará ilé lè jẹun nínú ìkòkò kan, kí ó sì fara da oṣù tí owó kò wọlé. Àjèjì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdí kẹta ni ìfọkàntán. Fíìmù ń jẹ owó gidigidi. Moses Ọláìyá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ṣe Ọ̀run Móoru ní ọdún 1982. Àwọn olè da fíìmù náà kọ, wọ́n ń tà á kiri, ọ̀gá sì wọ gbèsè. Lẹ́yìn irú èyí, ta ni kò ní fẹ́ kí ọmọ òun ni ó di àpótí owó mú?

ÌDÍLÉ AFỌLÁYAN

Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ Adéyẹmí Afọláyan, tí a ń pè ní Adé Love. Òun ni ó ṣe Àjàní Ògún nínú fíìmù tí Ọlá Balógun gbé jáde ní ọdún 1976. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ẹbí rẹ̀ kún inú iṣẹ́ náà: Tóyìn àbúrò rẹ̀, tí a mọ̀ sí Lọlá Ìdíjẹ, àti àwọn ọmọ rẹ̀, Mojí, Kúnlé, Àrẹ̀mú àti Gabriel.

Ṣé ojúsàájú ni èyí? Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i. Adé Love fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ Bàbá Sàlá ni ó ti kọ́ṣẹ́. Ọmọ Agbamu ní ìpínlẹ̀ Kwara ni, ọmọ Iléṣà sì ni Bàbá Sàlá. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Ọmọ iṣẹ́ ni ó jẹ́ kí ó tó di ọ̀gá. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1996, Kúnlé ọmọ rẹ̀ kò tíì wọnú sinimá. Iṣẹ́ báǹkì ni Kúnlé kọ́kọ́ ṣe. Ní ọdún 1999 ni Túndé Kèlání fi í sínú Ṣaworoidẹ. Ní ọdún 2006 ó gbé Ìràpadà jáde. Bàbá ti lọ, kò sí níbẹ̀ tí yóò máa bẹ ènìyàn fún un. Orúkọ bàbá lè ṣílẹ̀kùn fún ọmọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni yóò jẹ́ kí ó rí ìjókòó nínú ilé.

Ní Amẹ́ríkà náà, Francis Ford Coppola fi Sofia ọmọ rẹ̀ sínú fíìmù kan ní ọdún 1990. Àwọn ènìyàn bú ọmọ náà pé kò mọ eré ṣe. Ó padà sídìí kíkọ eré àti dídarí eré. Ní ọdún 2004 ó gba ẹ̀bùn ńlá Oscar fún eré tí ó kọ. Àyè tí bàbá kọ́kọ́ fi í sí kò bá a mu. Èyí tí ó bá a mu, òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣiṣẹ́ dé ibẹ̀.

IBI TÍ Ó TI Ń DI ÌRẸ́JẸ

Ká ní ọmọkùnrin kan láti Ìfọ́n ti lo ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ ọ̀gá eléré. Ó ń gbé iná, ó ń fọ aṣọ eré, òjò ń pa á. Ìyá rẹ̀ ta ẹrù ata kó lè san owó ìwọṣẹ́. Eré kan wáá dé tí ó nílò ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ ewì ké. Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n ké. Ọ̀gá gbé e fún ọmọ tirẹ̀ tí ó dé láná, tí ahọ́n rẹ̀ kò lè gbé ewì. Gbogbo ará ibẹ̀ mọ̀, ẹnikẹ́ni kò lè sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ tiwa ni òwe náà ń sọ. Bí ó bá jẹ́ òógùn ọmọ iṣẹ́ àti owó ata ìyá rẹ̀ ni a fi ra ìlẹ̀kẹ̀ náà ńkọ́? Ìrẹ́jẹ ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Eré á bàjẹ́, ọmọ iṣẹ́ á lọ, ọ̀gá á sì pàdánù méjèèjì.

Kí àwa náà má fọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ká máa bú eléré nìkan. Bí wọ́n bá fi wá ṣe akápò ẹgbẹ́ lọ́la, àbúrò ta ni a ó kọ́kọ́ pè?

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Bí ọmọ yín bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ eré, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀gá. Èwo nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tí kì í ṣe ẹbí ni ó ti di ẹni tí a mọ̀? Ọdún mélòó ni ẹ̀kọ́ náà? Kí ni ọmọ yóò gbà nígbà tí ó bá ṣeré? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sínú ìwé. Kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí owó. Ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ má tìtorí ojú àánú ta ilẹ̀ bàbá yín. Nítorí irú ọjọ́ yìí ni a ṣe kọ́wèé.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÍ Ó YẸ KÍ A MỌ̀
Ojúsàájú: kí a ṣe rere fún ẹnìkan nítorí pé ó jẹ́ tiwa, kí a sì fi ẹni tí ó tọ́ sí sílẹ̀.
Owó ìwọṣẹ́: owó tí a san kí ọ̀gá tó gba ọmọ síṣẹ́.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni ìdí mẹ́ta tí àwọn ọ̀gá eléré fi ń lo ará ilé wọn?
2. Ọ̀dọ̀ ta ni Adé Love ti kọ́ṣẹ́?
3. Nígbà wo ni lílo ọmọ ẹni di ìrẹ́jẹ? Ẹ bá ẹni tí ó jókòó tì yín sọ ọ́.
4. Ẹ kọ orúkọ márùn-ún tí ẹ bá kà ní ìgbẹ̀yìn sinimá tí ẹ máa wò.