Ṣé Iṣẹ́ Ọlọ́run Ni Mò Ń Ṣe Nídìí Máṣíìnì?

ÌBÉÈRÈ

Aránṣọ ni mí n'Íbàdàn, apá Mókọlá ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti gba fúrídọ́ọ̀mù, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló sì wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Onígbàgbọ́ ni mí, mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, mi ò sì kì í fi ìsọjí ṣeré.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé bí ẹni méjì ni mo rí. Ẹni tó ń kọrin lọ́jọ́ Ìsinmi kọ́ ló ń jókòó sídìí máṣíìnì lọ́jọ́ Ajé. Bí oníbàárà bá pè, màá ní, "Ẹ má ṣèyọnu mà, ọrùn ló kù," nígbà tí mi ò tíì gé aṣọ ọ̀hún rárá. Lóṣù tó kọjá, ìyá kan gbé léèsì yáàdì márùn-ún wá. Mo rán an tán, ó ṣẹ́ kù tó yáàdì kan. Mi ò dá a padà. Ó wà nínú àpò lábẹ́ tábìlì tí mo fi ń géṣọ.

Mo ti gbìyànjú. Mo lẹ ẹsẹ Bíbélì mọ́ ara ògiri, orin ẹ̀mí ni rédíò wa ń kọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, a sì máa ń gbàdúrà láti aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ká tó dá oníbàárà lóhùn. Síbẹ̀, arábìnrin kan nínú ìjọ wa sọ fún mi pé mò ń fi máṣíìnì bo ìpè mi mọ́lẹ̀, pé kí n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, kí n wá ṣiṣẹ́ Olúwa. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tún jẹ́ Mùsùlùmí, mi ò mọ̀ bóyá kí n máa fi dandan mú un wọ àdúrà àárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Aránṣọ, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ, nítorí èmi náà jókòó sídìí máṣíìnì fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. "Ọrùn ló kù" tí o kọ yẹn, mo ti sọ ọ́ títí ó fi ń jáde lẹ́nu mi bí ìkíni.

Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ. Lọ́dún kejì tí mo dá dúró, obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú gbé aṣọ dúdú wá bá mi. Ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú, mo ní kó wá mú un lọ́jọ́bọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìjọ wa ń ṣe àjọ̀dún àwọn obìnrin. Èmi ni mo rán kọ́tìnì tí wọ́n fi ṣe inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́ṣọ̀ọ́, èmi náà ni mo gun àkàbà tí mo ń fi í kọ́. Odindi ọjọ́ méjì ni mi ò fi dé ṣọ́ọ̀bù. Ọkàn mi balẹ̀, mo ní iṣẹ́ Ọlọ́run kúkú ni. Nígbà tí obìnrin náà dé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, aṣọ rẹ̀ wà nínú ọ̀rá bó ṣe gbé e wá, bó ṣe ṣẹ́ ẹ po kò tíì yẹ̀. Kò bínú sí mi. Ó gbé e mọ́ àyà, ó ní, "Ẹ ṣeun," ó lọ. Aṣọ àyálò ló wọ̀ sin ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé, nínú kọ́tìnì àti aṣọ ọ̀fọ̀ yẹn, èwo gan-an ni iṣẹ́ Ọlọ́run?

Ọ̀dọ̀ alábẹ́rẹ́ bíi tiwa ni mo ti rí ìdáhùn. O mọ ìtàn Dọ́káàsì tó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 9. Nígbà tó kú ní Jópà, tí wọ́n ránṣẹ́ pe Pétérù, àwọn opó yí i ká, wọ́n ń sunkún. Kí ni wọ́n ń fi han Pétérù? Ẹ̀wù tó rán fún wọn ni. Ẹnikẹ́ni kò ròyìn iye ìsọjí tó lọ, wọn kò sì sọ bóyá ohùn rẹ̀ dùn lórin. Aṣọ ni wọ́n nà sí i. Tún wo àwọn tó rán an fún: opó, ẹni tí kò ní ọkọ tí yóò wá bá aránṣọ fa wàhálà bó bá fi aṣọ wọn ṣeré. Ẹni tí kò lè mú ọ ní dandan, bó o ṣe rán tirẹ̀ ni mo fi máa mọ irú aránṣọ tí o jẹ́.

Bí àyè bá wà lálẹ́ òní, ṣí Ẹ́kísódù, orí 28, níbi tí Ọlọ́run ti ń bá Mósè sọ̀rọ̀ aṣọ tí wọn yóò rán fún Áárónì. Ní ẹsẹ 3, àwọn tí yóò rán aṣọ náà ni Ọlọ́run ní òun ti fi ẹ̀mí ọgbọ́n kún. Alábẹ́rẹ́ ni wọ́n o! Sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ 32, wàá rí i pé Ọlọ́run dárúkọ ọrùn ẹ̀wù, ó ní kí wọ́n ṣe ìgbátí yí i ká kó má baà ya. Èmi tí mo ti tún ọrùn bùbá tó ya ṣe láìmọye ìgbà, mo pariwo lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kíyè sí i. Ẹni tó dá ọ̀run òun ayé ló ń to bí ọrùn ẹ̀wù kò ṣe ní ya.

Nítorí náà, ẹsẹ Bíbélì tó wà lára ògiri rẹ dára, ṣùgbọ́n inú aṣọ ni mo fẹ́ kó dé. Mú bùbá tí o rán kẹ́yìn, yí inú rẹ̀ síta. Ṣé o wíìfù etí rẹ̀ tán, àbí òwú ti ń tú? Ṣé o fi aṣọ díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè tú u bí ara bá gbilẹ̀ sí i, àbí o gé e sún mọ́ ojú ìrán? Ó lè tó ọdún mẹ́ta kí oníbàárà tó mọ èyí tí o ṣe. Ìwọ ti mọ̀ lónìí.

Ti irọ́ ọjọ́ ló ṣòro jù, mo sì fẹ́ ká dúró lé e lórí. Irọ́ yẹn kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí oníbàárà pè. Ọjọ́ tí o gba aṣọ rẹ̀, tí o sì mọ̀ pé ọwọ́ rẹ kò lè ká a, ló ti bẹ̀rẹ̀. Ṣí ìwé tí o ń kọ ìwọ̀n sí, ka iye aṣọ tí ìwọ àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ rán parí lóṣù tó kọjá, pẹ̀lú ọjọ́ tí iná ọba kò sí àti ọjọ́ tí máṣíìnì bàjẹ́. Iye tí agbára yín ká nìyẹn. Bí aṣọ ẹbí Dìsẹ́ḿbà bá ti kún un, sọ fún ẹni tó kù pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọwọ́ mi ti kún." Yóò dùn ọ́. Wàá rí i tí yóò gbé aṣọ náà kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tìrẹ, owó tí ò bá fi san owó iléèwé ọmọ yóò sì bá a lọ. Mi ò ní sọ fún ọ pé Ọlọ́run yóò dá a padà ní ìlọ́po méje kí ọdún tó parí. Àwọn kan máa ń ṣèlérí bẹ́ẹ̀ lórí pẹpẹ, mi ò bá wọn sọ ọ́. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dán an wò, owó ṣọ́ọ̀bù fẹ́rẹ̀ẹ́ má pé. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fóònù láìkọ́kọ́ wo ẹni tó ń pè.

Bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀ tí o rí i pé ọjọ́ kò ní bá a, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ pè, ó kéré tán ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Sọ ibi tí aṣọ dé gan-an. Bí o kò bá tíì gé e, sọ pé o kò tíì gé e, kó lè gbé e lọ síbòmíràn nígbà tí ààyè ṣì wà.

Àdúrà àárọ̀ ńkọ́? Ẹ máa gbà á, mo bẹ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n láti aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, obìnrin tó fẹ́ yà gba aṣọ kó tó lọ síbi iṣẹ́ ń dúró nínú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Wákàtí tirẹ̀ lẹ fi ń gbàdúrà. Ẹ pé jọ nígbà tí aago mẹ́jọ bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí bí aago bá ti lù.

Ní ti arábìnrin tó ní kó o fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, Ọlọ́run a máa pe ènìyàn kúrò nídìí iṣẹ́, mi ò jiyàn. Orí ẹ̀rọ tó ń tẹ títì ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá wà, tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ lọ́nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nígbà tí ìpè dé bá a lọ́dún 1928. Lọ́dún 1930, ìsọjí tó ṣe ní Òkè-Ooyè n'Íléṣà mi ilẹ̀ Yorùbá tìtì. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́ ìpè náà. Pọ́ọ̀lù ní tirẹ̀, nígbà tó dé Kọ́ríńtì, ọ̀dọ̀ Àkúílà àti Pìrìsílà ló wọ̀ sí nítorí iṣẹ́ àgọ́ ṣíṣe kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe, ó sì ń bá wọn ṣe é. Àpọ́sítélì ni nígbà tó wà nídìí àgọ́. Bí Ọlọ́run bá ń fẹ́ kó o kúrò, yóò sọ fún ọ. Àmọ́ má sá kúrò nítorí pé irọ́ ṣọ́ọ̀bù ń dà ọ́ láàmú. Ẹni tó bá gbé irọ́ ọjọ́ dé ọ́fíìsì ìjọ, ibẹ̀ náà ni yóò ti máa sọ pé ọrùn ló kù.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ tó jẹ́ Mùsùlùmí, má fi dandan mú un. Iṣẹ́ aṣọ ni ìyá rẹ̀ mú un wá kọ́ lọ́dọ̀ rẹ. Bó bá fẹ́ jókòó, kó jókòó. Bó bá fẹ́ máa to òwú lẹ́yìn, kó máa tò ó. Lọ́jọ́ Jímọ̀, jẹ́ kó lọ kírun láìsọ̀rọ̀ sí i. Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ lórí rẹ̀ yàtọ̀. Ṣé o ti kọ́ ọ ní ìgé, àbí àgékù ló ṣì ń ṣà lẹ́yìn ọdún kan àbọ̀? Mo mọ àwọn ọ̀gá tó máa ń rán ọmọ iṣẹ́ lọ ra omi nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gé àrà tuntun, kó má baà tètè mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ yẹn bá gba fúrídọ́ọ̀mù lásìkò, tó sì mọ kóòtù gé láìbéèrè, yóò mọ irú Ọlọ́run tí ò ń sìn.

Léèsì abẹ́ tábìlì ló kù. Pe ìyá náà lónìí. Má sọ pé ìgbà tí ẹ ń gbálẹ̀ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Sọ pé aṣọ rẹ̀ ṣẹ́ kù lọ́jọ́ tó wá gba iṣẹ́, pé o kò dá a padà, pé kó dárí jì ọ́. Lọ̀ ọ́ dáadáa, ṣẹ́ ẹ po, fi í sínú ọ̀rá tó mọ́. Ó lè ní kó o kúkú máa mú un. Òun ló ni ín, òun ni yóò sọ bẹ́ẹ̀.