Ẹ̀rọ Orin Tí Ó Bá Iṣẹ́ Wa Mu

Ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè tí ó wà ní ìsàlẹ̀.

Ní agbègbè Pobè àti Sakété, iṣẹ́ kì í jẹ́ kí á jókòó. Àgbẹ̀ ń roko. Akọpẹ ń gun ọ̀pẹ. Àwọn obìnrin ń ṣe epo pupa. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń fi alùpùpù kó èrò. Zémìjàn ni a ń pè wọ́n. Orin dára fún ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó ni a fi ń ra ẹ̀rọ orin. Ó yẹ kí á ronú kí á tó ra á.

Láyé àtijọ́, rédíò tóbi bí àpótí, inú ilé ni ó ń gbé. Ní ọdún 1954, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta rédíò kékeré tí a lè fi ọwọ́ kan gbé ní Amẹ́ríkà. Ní 1963, ilé-iṣẹ́ Philips mú kásẹ́ẹ̀tì jáde. Ní 1979, ilé-iṣẹ́ Sony ní Jàpáànì mú Walkman jáde. Ènìyàn lè so ó mọ́ ìgbànú, kí ó fi okùn sí etí, kí ó sì máa rìn lọ. Lónìí, káàdì kan tí kò ju èékánná lọ lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún orin.

Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ọ̀rọ̀ akọpẹ kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ọjà Pobè.

– Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjà o.

– O ṣeun, àbúrò mi. Kí ni o fẹ́ rà?

– Rédíò ni. Mo rí ọ̀kan tí ohùn rẹ̀ ròkè dáadáa. 5.000 fáráǹkì péré ni. Bátìrì mẹ́rin ni ó ń lò.

– Èló ni bátìrì mẹ́rin?

– 400 fáráǹkì. Wọ́n máa ń tó ọjọ́ méje.

– Ọ̀sẹ̀ 52 ni ó wà nínú ọdún. 400 lọ́nà 52 jẹ́ 20.800. Adìẹ ni o fẹ́ rà yìí, oúnjẹ màlúù ni yóò máa jẹ!

– Háà! N kò rò ó bẹ́ẹ̀. Òmíràn wà tí oòrùn ń fún ní agbára. 9.000 fáráǹkì ni. Ó ń gba káàdì pẹ̀lú.

– Èyí sàn. Ṣé ó ní ohun tí a fi ń gbé e kọ́? Ọwọ́ rẹ kì í dilẹ̀ nínú oko.

– Ó ní in. Ṣùgbọ́n okùn etí ni n ó máa lò, kí èmi nìkan máa gbọ́ ọ.

– Àbúrò mi, lọ́dún tó kọjá, ta ni ó dúró lábẹ́ ọ̀pẹ tí okùn wà ní etí rẹ̀ méjèèjì?

– Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi.

– Ṣé wọn kò pè ọ́ láti òkè?

– Wọ́n pè mí títí. N kò gbọ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi ni ìdì ẹyìn náà bọ́ sí.

– Ìdì ẹyìn kan lè wúwo tó kílò 20. Bí ó bá jẹ́ orí rẹ ni ó bọ́ sí ńkọ́?

Àbúrò dákẹ́. Ó ra rédíò olóòrùn, kò ra okùn etí. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé e kọ́ ẹ̀ka igi ní àárín oko. Gbogbo wọn ń gbọ́ orin, wọ́n sì ń gbọ́ ohùn ara wọn.

Kí á tó ra ẹ̀rọ orin, ẹ jẹ́ kí á yẹ ohun mẹ́rin wò:

1. Agbára: Kí ni ó ń lò? Èló ni yóò ná wa lọ́dún?

2. Ọwọ́: Ṣé a lè gbé e kọ́, tàbí kí á so ó mọ́ra, kí ọwọ́ wa lè ṣiṣẹ́?

3. Ara rẹ̀: Ṣé ó lè fara da eruku àti òjò? Kí á má ṣe gbé e sí ẹ̀bá iná tàbí epo gbígbóná.

4. Etí: Ṣé a ó lè gbọ́ ẹni tí ó bá pè wá? Zémìjàn kò gbọdọ̀ fi okùn sí etí ní ojú ọ̀nà. Yóò ha gbọ́ fèrè ọkọ̀ tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn bí?

Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá nímọ̀ràn pé bí a bá fi okùn sí etí, kí ohùn má kọjá 60 nínú 100. Ariwo púpọ̀ ń ba etí jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Etí tí ariwo bá sì bàjẹ́ kì í padà bọ̀ sípò.

Ìbéèrè

1. Ní ọdún wo ni Walkman jáde?
2. Kí ni ó dé tí rédíò 5.000 fáráǹkì fi wọ́n ju ti 9.000 lọ?
3. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí akọpẹ náà lọ́dún tó kọjá?
4. Ìṣírò: Bí bátìrì bá ń ná wa ní 300 fáráǹkì lọ́sẹ̀, èló ni yóò jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 10?
5. Ẹ kọ gbólóhùn méjì nípa ẹ̀rọ orin tí ó bá iṣẹ́ yín mu.