Kámẹ́rà kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ rà

Ìbéèrè: Àwa méjì là ń lo ọ́fíìsì kékeré kan ní Mowé, ilẹ̀ là ń bá àwọn èèyàn tà. A fẹ́ máa ṣe fídíò ìpolówó, ṣùgbọ́n owó kò pọ̀ lọ́wọ́. Kí la máa kọ́kọ́ rà?

Ìdáhùn: Fóònù yín ti tó; ẹ sáà máa fi kámẹ́rà ẹ̀yìn rẹ̀ yà á. Àní, kámẹ́rà fídíò lásán ni wọ́n fi ya fíìmù Living in Bondage lọ́dún 1992.

Ohùn ni kí ẹ náwó lé. Títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn gba Mowé àti Ìbàfò kọjá: fèrè tírélà, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ fídíò. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ lè fara da àwòrán tó ṣú díẹ̀, àmọ́ bí kò bá gbọ́ iye tí ẹ pè, á kọjá lọ ni. Máìkì kékeré oníwáyà tí wọ́n ń há mọ́ ọrùn aṣọ ni kí ẹ rà. Kì í wọ́n, kò sì nílò ṣájì. Ẹ kọ́kọ́ wo ojú ihò fóònù yín, bóyá ẹnu wáyà náà bá a mu, kí ẹ tó sanwó. Ẹ há a sí àyà, níbi tí léèsì kò ti ní máa ha á, kí ẹ sì pa fáànù.

Lẹ́yìn náà, ẹ ra ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún fóònù. Iná ńkọ́? Ẹ kọjú sí fèrèsé ní òwúrọ̀.