Ṣé eré sísá máa ń tètè sọni di arúgbó?

Ìbéèrè: Láràárọ̀ ni bàálé mi ń sáré létí òkun Fidjrossè ní Kútọnu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti jìn wọnú, àwọn ará ilé sì ní eré yẹn ló ń sọ wọ́n di arúgbó. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Bí ara bá ti ń fọn, ọ̀rá abẹ́ awọ ojú náà ń dín kù, oòrùn etí òkun sì máa ń mú kí awọ hunjọ. Ojú ni èyí kàn. Ọkàn ń lágbára sí i ní tirẹ̀.

Ní ọdún 1984, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Stanford, l'Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn asáré tó ti pé ẹni àádọ́ta ọdún sókè, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kì í sáré. Lẹ́yìn ọdún 19, ìdá 34 nínú 100 àwọn tí kì í sáré ti kú. Láàárín àwọn asáré, 15 péré ni. Orúnkún wọn pàápàá kò bàjẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ.

Ẹ ò rí Noélie Yarigo, ọmọ Benin? Ẹni ọdún 38 ni nígbà tó gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ nínú eré 800 mítà ní Glasgow, lóṣù kẹta 2024.

Kí bàálé yín máa tètè jáde, kí èéfín ọ̀kadà zémidjan tó gba títì, kí wọ́n sì máa dé fìlà. Bí àyà bá ń dùn wọ́n, kí wọ́n dúró lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n lọ rí dókítà.