Orí Keje: Kọ̀ǹpútà Nínú Ilé Alámọ̀

Bí ẹ bá dúró lórí òkè Mápó ní Ìbàdàn, lẹ́bàá gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ṣí ní 1929, tí ẹ wá wo ìsàlẹ̀ lọ sí Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ, páànù ni ojú yín yóò máa rí. Páànù tó ti dípẹtà ni púpọ̀ nínú wọn, òrùlé kan ń kan òrùlé kejì. Lábẹ́ wọn, ògiri alámọ̀ ṣì pọ̀: yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀, tí wọ́n mọ ní ìpele-ìpele, tí wọ́n wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú. Irú ilé yìí la fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà sí.

Ẹni tó bá ń kọ́ni bí a ṣe ń to kọ̀ǹpútà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ. Ara ilé la ó ti bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín. Iná tó wà nínú ilé ló máa sọ irú ẹ̀rọ tó lè pẹ́ níbẹ̀, ògiri àti òrùlé ló sì máa sọ ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì yóò dé.

Iná

Iná tó yẹ kó wọlé wa jẹ́ 230 volt tàbí nǹkan tó sún mọ́ ọn. Ládùúgbò tí ilé ti fún, tí ọ̀pọ̀ agboolé so mọ́ transformer kan ṣoṣo, kì í dúró síbẹ̀. Lálẹ́, tí gbogbo èèyàn bá tan fáànù, tí wọ́n sì ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, ó lè lọ sílẹ̀ débi pé gílóòbù kàn máa pọ́n ni. Tí iná bá lọ tó sì dé padà, ó lè kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù. (Wọ́n ti yí orúkọ ilé iṣẹ́ iná padà láti NEPA sí PHCN, wọ́n tún yí i sí IBEDC, ṣùgbọ́n ẹ dé Bẹyẹrúnkà nígbà tí iná bá dé, kí ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ọmọdé ń pariwo. NEPA ni.)

Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kì í lo 230 volt. Àpótí onírin kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn tó ń tún un ṣe ń pè ní power pack. Òun ló ń sọ iná ilé di 12 volt, 5 volt àti 3.3 volt tí àwọn ẹ̀yà yòókù ń lò. Tí power pack bá jẹ́ gbàrọgùdù, tí iná sì fò wọlé, ó lè kó gbogbo ohun tó so mọ́ ọn lọ. Nítorí náà, bí owó yín kò bá tó nǹkan, ẹ dín in kù níbòmíràn. Ẹ lè lo casing, àpótí tó ń gbé gbogbo ẹ̀yà, tó ti họ ara. Ẹ lè lo kíbọ́ọ̀dù tí lẹ́tà orí rẹ̀ ti ń pa rẹ́. Ní ti power pack, ẹ má ṣe tìtorí owó ra gbàrọgùdù.

Nǹkan kan tún wà tó ti ba ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ jẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Iná ilé ní Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bíi 120 volt. Lẹ́yìn àwọn power pack àtijọ́ kan, súìṣì pupa kékeré kan wà tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Bí kọ̀ǹpútà náà bá ti Amẹ́ríkà wá, ó ṣeé ṣe kí súìṣì náà wà lórí 115. Bí ẹ bá kì í bọ iná Ìbàdàn bẹ́ẹ̀, yóò ró gbàù, òórùn iná yóò sì gba yàrá. Ẹ fi ìka tì í sí 230 kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bí kò bá sí súìṣì, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀: 100–240V túmọ̀ sí pé ó lè gba iná ti ibi gbogbo.

UPS, àpótí oníbátìrì tó ń gbé iná díẹ̀ pa mọ́, náà ṣe pàtàkì. Kì í ṣe pé yóò jẹ́ kí ẹ ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa fún yín láti tọ́jú iṣẹ́ yín kí ẹ sì pa kọ̀ǹpútà bó ṣe yẹ. Ní ti jẹnẹrétọ̀ kékeré, agbára rẹ̀ tó. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ̀wé, tí wọ́n sì fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú monitor rẹ̀, kì í sábà jẹ ju 150 watt lọ. Áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ń jẹ tó 1000 watt. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé lórí jẹnẹrétọ̀ kan.

Rírà

Kọ̀ǹpútà tuntun wọ́n. Ọ̀pọ̀ ará ìlú ń ra tòkunbọ̀ tí wọ́n ń pè ní UK used ní àgbègbè Queen Cinema, tàbí kí wọ́n ránṣẹ́ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Kò sí àbùkù níbẹ̀, bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ń wò.

Processor ni ẹ ó kọ́kọ́ wò, nítorí òun ló ń ṣe ìṣirò gbogbo. Ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ dúró fún Windows 10. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ kì í sábà gba processor Intel tó dàgbà ju ìran kẹjọ lọ. Ẹ óò rí i lára orúkọ rẹ̀: nínú i5-8400, 8 tó ṣáájú ni ìran rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ i5-4570, ìran kẹrin ni. Ìyẹn kò sọ ọ́ di páńtí. Linux, tó lè rọ́pò Windows, wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe san owó ìran kẹjọ fún ìran kẹrin.

Bí ẹ bá ń ra ẹ̀yà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣọ́ra fún processor àti motherboard, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́. Ojúbọ̀ tí ìran kẹfà, keje àti kẹjọ Intel ń jókòó sí jọra, LGA 1151 ni wọ́n ń pè é, ìran kẹjọ yóò sì wọ inú motherboard ìran kẹfà rẹ́gí. Kò ní ṣiṣẹ́. Ẹni tó tà á fún yín lè máà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kó sì ti fi gbogbo ẹnu búra.

RAM àti disk ni àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀. Ẹ wo télọ̀: tábìlì tó ń gé aṣọ lé lórí ni RAM, àpótí tó ń kó aṣọ oníbàárà pa mọ́ sí ni disk. Bí tábìlì bá kéré, iṣẹ́ yóò falẹ̀ bó ti wù kí àpótí tóbi tó. RAM 8GB dára fún ilé. Kí disk jẹ́ SSD, irú disk tó yára, bó tilẹ̀ jẹ́ 256GB péré. Ìyàtọ̀ tó máa mú wá ju ohun tí owó rẹ̀ jọ lọ.

Ẹ má ṣe gbé ohunkóhun kúrò nílé ìtajà láìtàn án.

"Bọ̀dá, ẹ kú ọjà o. Ẹ bá mi tan èyí wò."

"Alhaja, UK used ni. Gbogbo ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́."

"Mo gbọ́. Ẹ ṣáà tàn án."

"Kò sí iná báyìí, Mà."

"Mo rí jẹnẹrétọ̀ yín níwájú ṣọ́ọ̀bù. Màá fowó sí epo."

Bí ó bá ti tàn, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú kí ẹ máa bá wọn tàkúrọ̀sọ. Ẹ̀rọ tó bá máa ń kú tó bá ti gbóná yóò fi ara rẹ̀ hàn.

Títò

Iṣẹ́ yìí kò le tó bí àwọn tó ń gbowó rẹ̀ ṣe ń sọ. Ẹ tẹ́ páálí sórí tábìlì. Nígbà ọyẹ́, ara wa máa ń ní iná kékeré tí ẹ máa ń gbọ́ tó ń ta pàrà tí ẹ bá ń bọ́ aṣọ. Kò lè pa èèyàn, ṣùgbọ́n ó lè pa RAM. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀yà kan, ẹ kọ́kọ́ di irin casing mú.

Processor ni ẹ ó kọ́kọ́ gbé sínú motherboard. Àmì onígun mẹ́ta kékeré wà ní igun rẹ̀ kan, irú rẹ̀ wà lára ojúbọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bára mu, kí ẹ má fi agbára tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi paste tó ń gbé ooru lọ díẹ̀ sórí rẹ̀, kó má ju hóró ẹ̀wà kan lọ, kí ẹ wá de fáànù rẹ̀ lé e. Wáyà fáànù yìí ní ojúbọ̀ tirẹ̀ tí wọ́n kọ CPU_FAN sí. RAM ní gígé kan lábẹ́ tí kò jẹ́ kó wọlé sódì. Ti DDR3 àti DDR4 kò sí lójú kan náà, nítorí náà bí ó bá kọ̀, ẹ yọ ọ́ kí ẹ wò ó dáadáa. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dún kà lápá méjèèjì.

Ẹ so power pack àti monitor mọ́ motherboard, kí ẹ tàn án lórí páálí kí ẹ tó kó o sínú casing. Bí fáànù bá ń yí tí ojú monitor sì dúdú, RAM ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ pa iná, ẹ yọ ọ́, ẹ fi réésà pẹ́ńsù nu apá rẹ̀ tó pọ́n bíi wúrà, kí ẹ dá a padà. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe mọ̀ pé èyí ń wo púpọ̀ sàn nínú "kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́", wọn kì í sì í ṣe é lójú oníbàárà.

Íntánẹ́ẹ̀tì

Àwọn agboolé Ìbàdàn ti ń gba ìròyìn láti òkèèrè tipẹ́. Ní 1939 ni iṣẹ́ rédíò orí wáyà dé Ìbàdàn: wọ́n fa wáyà wọ inú ilé, wọ́n so àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì mọ́ ọn. Wáyà gba inú ògiri alámọ̀ kọjá láìsí wàhálà. Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú yìí, ní 31 Oṣù Kẹwàá 1959, ojú òfurufú ni àwòrán gbà wá, àwọn tó lówó tẹlifíṣọ̀n sì gbé eríà wọn gun orí igi gíga tó ga ju páànù lọ. Wọn kò kọ́ ọ nílé ìwé. Wọ́n rí i pé àwòrán kò mọ́ nínú yàrá.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lónìí. Páànù máa ń dá ìgbì rédíò padà, ògiri alámọ̀ tó nípọn máa ń gbé e mì, pàápàá tí òjò bá ti mú kó tutù. Router tó ń lo SIM, tí ẹ gbé sórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá ẹ̀yìn, ẹ ti fi í sẹ́wọ̀n. Ẹ gbé e sẹ́nu fèrèsé tó kọjú sí ibi tí mast, òpó ilé iṣẹ́ fóònù, wà. Àwọn router kan ní ihò tí a lè so eríà mọ́. Ẹ lè gbé eríà bẹ́ẹ̀ síta, lókè páànù, bí àwọn bàbá wa ti ṣe.

Ìrìn méjì ni íntánẹ́ẹ̀tì ń rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ó ń ti mast dé router, ó sì ń ti router dé kọ̀ǹpútà. Àmì Wi-Fi tí ẹ ń rí lórí fóònù, ìrìn kejì nìkan ló ń sọ. Ó lè kún dẹ́múdẹ́mú kí ohunkóhun má sì wọlé, nítorí router wà nítòsí yín ṣùgbọ́n kò rí mast, tàbí kí data ti tán. Ìdí nìyí tí pípa router kí ẹ sì tún tàn án kì í fi í ṣe oògùn gbogbo àrùn.

Ẹ lè mọ ìrìn tó ní wàhálà. Lórí Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter. Ẹ kọ ping, ẹ fi àyè sílẹ̀, kí ẹ wá kọ àdírẹ́sì router yín. Ó sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀, irú bíi 192.168.1.1. Bí kò bá dáhùn, inú ilé ni ìjà wà. Bí ó bá dáhùn, ẹ kọ ping 8.8.8.8, tí í ṣe àdírẹ́sì Google kan. Bí ìyẹn kò bá dáhùn, ẹ wo data yín àti ibi tí router wà. Bí ó bá dáhùn, àmọ́ tí ping google.com kò ṣiṣẹ́, ọ̀nà wà ní ṣíṣí. Ohun tó ń tú orúkọ sí nọ́ńbà, DNS, ló dákú. Bí ẹ bá sì rí i pé àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà yín bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, router kò fún un ní àdírẹ́sì, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló yan èyí fún ara rẹ̀.

Ọ̀kan tún wà tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Gbogbo ping dáhùn, síbẹ̀ ojú ìwé báńkì kò ṣí, wọ́n ní kò sí ààbò. Ẹ wo déètì. Bí bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 tó wà lórí motherboard bá ti kú, gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ni aago yóò padà sí ọdún tó ti kọjá, ìwé ẹ̀rí ààbò kò sì ní bá déètì mu. Bátìrì kékeré yìí kò wọ́n. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Nínú ilé oníkọ̀rídọ̀, tí yàrá kọjú sí yàrá, ẹnu kọ̀rídọ̀ ni router ti wúlò jù, bí ó bá ṣì ń rí mast. Ẹnu ọ̀nà ni Wi-Fi máa gbà wọ yàrá, kò ní í máa gún ògiri. Ẹ lo 2.4GHz fún yàrá tó jìnnà. 5GHz yára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ògiri kan tó le ti tó láti dá a dúró. Bí yàrá kẹ́yìn kò bá gbà á rárá, ẹ padà sọ́dọ̀ wáyà. Cat5e kan lè lọ tó 100 mítà, kò sì mọ̀ bóyá amọ̀ ni wọ́n fi mọ ilé tàbí bíríkì.

Ẹ má ṣe na wáyà yẹn gba orí páànù lọ sí ilé ọmọ ìyá yín. Wáyà bàbà tó wà níta ń fa iná àrá wọlé, iná náà kò sì ní dúró lọ́dọ̀ router. Nígbà tí òjò bá ń ṣú, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ sì yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń rántí ti àkọ́kọ́ nìkan.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: Ẹ di fóònù yín mú, ẹ yí ilé yín ká láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé. Ẹ ya àwòrán ilé náà sínú ìwé, kí ẹ kọ iye igi nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ rí sínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àgbélébùú sí ibi tí router wà báyìí, kí ẹ fi àmì mìíràn sí ibi tó yẹ kó wà.