Rọ́ọ̀kì Ìlú Ọba àbí ti Amẹ́ríkà: èwo la máa fi kọ́ṣẹ́?

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní yunifásítì Tai Solarin, níbí ní Ìjagun. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá kan ń ta gìtá, a sì fẹ́ dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀. Rọ́ọ̀kì àwọn tó ń dá ṣe tiwọn láìsí ilé iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn, èyí tí wọ́n ń pè ní índì, la fẹ́ràn. Òun ní kò sí èyí tó tó ti Ìlú Ọba: The Smiths, Oasis, Arctic Monkeys. Èmi ní ti Amẹ́ríkà ló jinlẹ̀. Ó ti fẹ́ di ìjà. Ẹ bá wa dá a: ti ta ló dára jù, ti ta la sì máa fi kọ́ṣẹ́?
Ọ̀rẹ́ Gìtá, Ìjagun

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ìwọ lo jàre. Ṣùgbọ́n má tíì fi ọ̀rẹ́ rẹ ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ohun tí òun ń gbọ́ nínú orin yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Àwọn ọmọ tiwa méjì ni mo máa fi ṣàlàyé. Kele Okereke, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, ni wọ́n bí sí Liverpool ní 1981. Òun ló ń lé orin fún Bloc Party. Tunde Adebimpe, ọmọ Yorùbá, ni wọ́n bí sí St. Louis ní 1975. Òun ni ohùn TV on the Radio, ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Brooklyn. Ní 2003, Kele lọ síbi tí ẹgbẹ́ Franz Ferdinand ti ń ṣeré, ó sì fi orin tí Bloc Party gbà sílẹ̀ lé Steve Lamacq ti BBC Radio 1 lọ́wọ́. Lamacq pè wọ́n wá kọrin lórí rédíò. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2005, àwo Silent Alarm ti wà níta, ìwé ìròyìn NME sì fi ṣe àwo tó ta yọ jù lọ́dún náà. Ẹnì kan ṣoṣo ṣílẹ̀kùn, gbogbo ìlú sì gbọ́.

Tunde kò rí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí i ní Amẹ́ríkà. Àwòrán tó ń rìn ló fi ṣiṣẹ́ ṣe ní MTV nígbà kan. Òun àti Dave Sitek tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ náà fúnra wọn ni wọ́n gbé OK Calculator jáde ní 2002. Desperate Youth, Blood Thirsty Babes dé ní 2004. Ó di 2006 kí Return to Cookie Mountain tó jáde, tí David Bowie alára gbóhùn sí ọ̀kan nínú àwọn orin inú rẹ̀; ó di 2008 kí Dear Science tó dé, tí ìwé ìròyìn Rolling Stone fi ṣáájú gbogbo àwo ọdún náà. Gbọ́ wọn tẹ̀léra, wàá rí i pé ọwọ́ wọn ń gún régé sí i nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Silent Alarm dára ju ohunkóhun tí Tunde fi bẹ̀rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n lójú tèmi, Bloc Party kò tún ṣe èyí tó tó o mọ́.

Ilẹ̀ ló fa ìyàtọ̀ yìí. Ìlú Ọba kò tóbi. Ohun tí ará Glasgow ń gbọ́ lórí BBC Radio 1 náà ni ará Lọ́ńdọ̀nù ń gbọ́. John Peel wà nídìí rédíò yẹn láti 1967 títí ó fi kú ní 2004, àwọn ọmọ tí kò lówó tí kò lénìyàn ló sì ń fi àwo ránṣẹ́ sí i. Ẹgbẹ́ Buzzcocks ti Manchester yá 500 pọ́n-ùn, wọ́n fi tẹ ẹgbẹ̀rún kan àwo Spiral Scratch fúnra wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ 1977. Níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń gbọ́ nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, orin gbọ́dọ̀ mú ni láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìdí nìyí tí ègbè wọn fi ń rọrùn lẹ́nu èrò tó bẹ́ẹ̀: nǹkan bí 250,000 ènìyàn ló wá wo Oasis lálẹ́ méjì ní Knebworth lóṣù kẹjọ 1996.

Ìyára yẹn kan náà ló ń pa wọ́n lára. The Smiths ṣe àwo mẹ́rin láàárín 1984 sí 1987, wọ́n sì túká. Àwo àkọ́kọ́ Arctic Monkeys tà ju 360,000 lọ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ní oṣù kìíní 2006, nígbà tí Alex Turner tó ń kọrin fún wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ogún ọdún. Kí ló tún kù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti lé? Ohun tó kó wọn yọ, lérò tèmi, ni pé wọ́n gba aṣálẹ̀ California lọ, wọ́n lọ gba apá púpọ̀ nínú Humbug ti 2009 sílẹ̀ lọ́dọ̀ Josh Homme, olórin rọ́ọ̀kì ará ibẹ̀. Sọ ìyẹn fún ọ̀rẹ́ rẹ.

Ìwọ tó o wà ní Ìjagun, ẹgbẹ́ R.E.M. ló yẹ kó o fọkàn sí. Ìlú yunifásítì ni Athens ní Georgia, akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sì ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1980. Rédíò àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ló ń gbé orin wọn kiri, àwọn fúnra wọn sì ń wọkọ̀ láti ìlú dé ìlú. Láti Murmur ní 1983 títí dé Green ní 1988, àwo kan ni wọ́n ń gbé jáde lọ́dọọdún. Ó di 1991 kí Losing My Religion tó gba ayé kan. Kò sí ìwé ìròyìn tó gbé wọn gẹṣin lọ́sẹ̀ yìí tó sì gbàgbé wọn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìyẹn ni wọ́n fi ráyè mọ iṣẹ́ wọn. Sùúrù yìí ni mo ń pè ní ìjinlẹ̀.

Àléébù ti Amẹ́ríkà náà wà. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa kọrin fún ogójì ènìyàn lè gbàgbé pé ó yẹ kí orin ní ohùn tí ọmọdé lè gbé délé. Mo mọ àwo tí wọ́n ń yìn káàkiri tí n kò lè fẹnu ṣàfarawé ìlà kan nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́ orin kíkọ lọ́wọ́ Ìlú Ọba. Turner fi ẹnu Sheffield kọrin, kò ya ahọ́n ará Amẹ́ríkà lò. Bó bá jẹ́ Ìjẹ̀bú lẹ fi ń bá ara yín sọ̀rọ̀ ní yàrá, ẹ fi kọ ọ́. Inú mi á dùn gidi láti gbọ́ ọ. Ẹ fetí sí ìka Johnny Marr ti The Smiths: kì í fi gìtá pariwo, ń ṣe ló ń ṣà á lókùn lókùn, ẹni tó bá sì ti ń gbọ́ jùjú Sunny Adé láti kékeré kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n ta. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Amẹ́ríkà ni kí ẹ gbà kọ́ ẹgbẹ́ yín. Ẹ gbé orin lọ sí rédíò yunifásítì, bíi Unilag FM 103.1 ní Akọkà, kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ ńlá kankan.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní nǹkan òyìnbó lẹ ń ṣe, ẹ fi ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì BLO hàn án. Berkely Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu ló dá a sílẹ̀ ní Èkó ní 1972, àwo wọn Chapter One sì jáde ní 1973. Orúkọ Odumosu kò kúkú ṣàjèjì létí ará Ìjẹ̀bú. Gìtá, béèsì àti ìlù, àwọn mẹ́ta péré. Gìtá méjì ni ẹ̀yin ní báyìí. Kí ọ̀kan nínú yín gbé béèsì, kí ẹ sì wá onílù kí sáà yìí tó parí.