Ẹ̀KỌ́ ÌLERA: KÍ A MÁ ṢE FI ÌTÌJÚ PA ÀRÙN MỌ́

Bíbélì kíkà: Dáníẹ́lì 1:8–16

Ẹ̀kọ́ wa lónìí kan ohun tí ojú máa ń tì wá láti sọ: ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́. Bí a bá rí i, ọ̀pọ̀ wa a ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, a ó sì lọ ra àgbo. Ó lè jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ àrùn jẹjẹrẹ ìfun ńlá, èyí tí kì í dúró de àgbo.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, àrùn yìí ń mú àwọn ènìyàn dúdú ju àwọn òyìnbó lọ ní nǹkan bí ìdá 20 nínú 100. Ó sì ń pa wọ́n jù wọ́n lọ ní nǹkan bí ìdá 40 nínú 100. Àwọn kan a ní ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Ṣé òótọ́ ni?

Àkọsílẹ̀ kan wà nínú ara wa tí a jogún lọ́wọ́ baba àti ìyá. Jíìnì ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi í wé Ìwé Orin wa. Orin inú rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a bá kéde nìkan ni ìjọ ń kọ. Bẹ́ẹ̀ ni jíìnì rí: kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ni ó wá ń kéde orin? Oúnjẹ wa wà lára wọn.

Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n mú ènìyàn dúdú 20 ní Amẹ́ríkà àti 20 ní ìgbèríko South Africa, wọ́n sì pààrọ̀ oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ará Amẹ́ríkà ń jẹ àgbàdo, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso. Ará South Africa ń jẹ ẹran àti ọ̀rá púpọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, wíwú àti pípọ́n inú ìfun àwọn ará Amẹ́ríkà dínkù, àmì ewu sì hàn nínú ìfun àwọn kejì. Àwọn kòkòrò tíntìntín inú ìfun ni ó ń sọ irú oúnjẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ di ohun tí ń bọ́ ìfun, tí ó sì ń ran jíìnì lọ́wọ́ láti ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ẹ rántí pé ọjọ́ 10 ni ìdánwò ti Dáníẹ́lì.

Oúnjẹ nìkan kò tó. Jẹjẹrẹ yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bí kókó kékeré tí dókítà lè yọ kí ó tó di àrùn. Láti ọdún 2002, ìpínlẹ̀ Delaware ní Amẹ́ríkà ṣètò àyẹ̀wò àti ìtọ́jú fún àwọn tí kò lówó. Nígbà tí ó fi di 2009, àwọn ènìyàn dúdú tí ó ti ṣe àyẹ̀wò ti kúrò ní 48 nínú 100, ó di 74. Ikú láàárín wọn sì fi ìdá 42 nínú 100 dínkù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti òyìnbó dọ́gba. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò yí padà. Àyẹ̀wò ni ó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Nítorí náà, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, bí ìgbẹ́ yíyà bá yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí a bá ń rù láìnídìí, ẹ jẹ́ kí a lọ rí dókítà. Bí òbí tàbí ọmọ ìyá wa bá ti ní in rí, kí a sọ fún un. Kí àwọn ọmọ wa ní Amẹ́ríkà sì mọ̀ pé láti 2021, ọdún 45 ni wọ́n ní kí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe 50 mọ́. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
1. Kí ni ó ń dí wa lọ́wọ́ láti sọ àìsàn ìdí fún dókítà?
2. Oúnjẹ àtijọ́ wo ni a ti pa tì nínú ilé wa?
3. Báwo ni ẹgbẹ́ wa ṣe lè ran ẹni tí kò lówó àyẹ̀wò lọ́wọ́?

Àdúrà: Olúwa, fún wa ní ìgboyà láti tọ́jú ara tí ìwọ fi sí ìkáwọ́ wa. Àmín.